Ọjà Tó Ń Sanwó fún Ẹni Tó Wá Rajà

Ìbà o! Ìbà ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ èrè ọjà tí ẹ kò rà, tí ẹ kò rù, tí ẹ kò pàtẹ. Ìbà ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye láìní páànù kan lórí. Ìbà ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníjíǹsì, oníbàtà funfun, tí ẹ máa ń fi àwòrán ìlà tó ń gòkè han olówó, tí olówó á sì ti fọwọ́ sí sọ̀wédowó kó tó rántí jókòó. Láti ayébáyé ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń jáde lóru sí àárín ọjà nílẹ̀ Kétu láti fi èèyàn ṣeré. Ọjà tiyín kì í tú tọ̀sán tòru, ẹ fàyè gbà mí kí n wọlé. Ẹni tí Ẹ̀fẹ̀ bá sì fi ṣeré kì í gbé e lọ sí kóòtù, ẹ ti mọ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá yín àgbà ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà kan ní Kalifóníà, Pierre Omidyar, ṣí ọjà gbàǹjo sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjà ọ̀hún ló wá di eBay. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ ni iná lésà kékeré kan tí wọ́n fi ń tọ́ka sí nǹkan. Ó ti bàjẹ́. Wọ́n tà á ní dọ́là 14.83. Ẹ̀rí ọkàn dá Omidyar lẹ́bi, ó kọ̀wé sí ẹni tó rà á pé, "Ṣé o mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́?" Ẹni yẹn ní òun mọ̀, èyí tó ti bàjẹ́ gan-an lòun ń kó jọ. Ẹ ò rí ayé! Ní Computer Village, Ìkẹjà, ojoojúmọ́ là ń ta èyí tó ti bàjẹ́, a kì í sì í kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó pè wá ní aṣáájú nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń fún Omidyar ní íntánẹ́ẹ̀tì bu owó lé iye tó ń san lóṣooṣù, ó ní kí àwọn tó bá tajà lórí ìkànnì òun máa fi ìdá kékeré ránṣẹ́ nínú ohun tí wọ́n bá pa. Àpòòwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, owó ẹyọ wà nínú òmíràn. Kò ra ẹrù, kò kó o sílé, kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó jìnnà síra wọn pàdé lórí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń fi nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ jẹ́ gan-an. Ọmọ onílẹ̀ ni yín. Ẹ kàn wọ aṣọ tó mọ́ ju tàwọn ti Lẹ́kkí lọ ni. Èèyàn fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ó sanwó. Ó fẹ́ kan òrùlé, ó sanwó. Ó fẹ́ kun ilé, wọ́n tún ti dé. Ohun kan ṣoṣo tó yà yín sọ́tọ̀ ni pé n kò tíì rí ọmọ onílẹ̀ tó pín sìmẹ́ǹtì lọ́fẹ̀ẹ́ fún odindi ọdún mẹ́wàá kí àwọn èèyàn lè wá kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dá ìyẹn sílẹ̀.

Mo mọ ohun tó fà á. Ọlọ́jà ò ní pàtẹ síbi tí kò sí èrò, èrò ò sì ní lọ síbi tí kò sí ọjà. Àwọn bàbá wa rí wàhálà yìí tipẹ́, wọ́n wá dá ọjọ́ ọjà sí ọrọọrún, kí ẹni tó fẹ́ tà àti ẹni tó fẹ́ rà lè pàdé lọ́jọ́ kan náà. Wọn ò ná kọ́bọ̀ lé e. Ẹ̀yin ní rárá, ojoojúmọ́ àti lóru ni tiyín, ẹ wá di ẹni tó ń fowó ra èrò. Kúpọ́ọ̀nù níbí, ẹ̀dínwó lọ́hùn-ún, "a máa gbé e dé ilé yín lọ́fẹ̀ẹ́." Nígbà tí owó wá ń lọ sílẹ̀, kí lẹ ṣe? Ẹ padà sórí ọgbọ́n àwọn bàbá wa, ẹ dá ọjọ́ ọjà, ẹ ní Black Friday ló ń jẹ́.

Kí wọ́n má ní àwọn ará ilé nìkan ni mo fẹ́ fi ṣeré. Àwọn ọmọ Airbnb, tí wọ́n ń bá èèyàn fi yàrá háyà fún àlejò, kò rí owó tí wọ́n máa ná ní ọdún 2008. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ àárọ̀ inú páálí, ogójì dọ́là páálí kan, wọ́n kọ orúkọ Obama sára ọ̀kan, ti McCain, tí wọ́n jọ ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, sára èkejì. Nǹkan bí 30,000 dọ́là ni wọ́n rí níbẹ̀. Oníyàrá tó ń ta oúnjẹ kí yàrá má bàa kú! Jack Ma ní tiẹ̀ gbé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, Taobao, dìde ní Ṣáínà ní 2003, ó sọ fún àwọn ọlọ́jà pé kò ní gba kọ́bọ̀. eBay, tó máa ń gbowó lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀, pa ìsọ̀ rẹ̀ dé ní Ṣáínà ní oṣù kejìlá 2006. Ìgbà tí gbogbo ayé ti wá pé sí ọ̀dọ̀ Taobao tán, ìsọ̀ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń rí ẹnìkejì rẹ̀, ó wá ku kí ọlọ́jà máa sanwó ìpolówó kí wọ́n lè rí i. Ọ̀fẹ́ ni kí o jókòó. Kí wọ́n rí ọ níbi tí o jókòó sí, owó ni.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ọdún 2012 ni Konga àti Jumia jọ dé Èkó. Sim Shagaya ló dá Konga sílẹ̀. Rocket Internet láti Jámánì ló wà lẹ́yìn Jumia, ọmọ Faransé méjì tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn McKinsey, Jeremy Hodara àti Sacha Poignonnec, sì ni ọ̀gá. Iléeṣẹ́ méjèèjì bá àwa èèyàn Nàìjíríà pàdé, a sì kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́.

Ì bá wù wọ́n ká sanwó ká tó rí ọjà. A wò wọ́n. A ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ara yín yá?" Nílùú tí ìyá aláta ti ń jẹ́ kí o fọwọ́ tẹ tòmátì wò kí o tó dúnàádúrà, ta ni yóò fi owó ṣáájú sí ojú gíláàsì fóònù? Wọ́n gbà, wọ́n ní kí a máa sanwó tí ẹrù bá dé. Ìgbà náà ni eré tó wá bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kadà gbéra láti ilé ìkẹ́rùsí, ó ń wá ilé. Àdírẹ́sì tí a kọ fún un: "Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ ó rí ilé alágbàlá kan, ẹ má yà síbẹ̀. Tí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà, ẹ pè mí." Ó pe fóònù, oníbàárà kò gbé e. Ó tún pè, oníbàárà ní òun ti jáde lọ síbi ìsìnkú, kó padà wá lọ́la. Ó padà wá. Oníbàárà ṣí páálí, ó wọ bàtà, ó fi yí àgbàlá ká, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀, ó ya fọ́tò. Ìyàwó ní ó mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e padà. Ọlọ́run á fún yín ṣe o." Àdúrà nìkan ni ọlọ́kadà gbé dé ọ́fíìsì. Lílọ owó, àbọ̀ owó, epo bẹntiróò kì í gba àdúrà.

Ní 2017, Konga ní òun ò ṣe ìyẹn mọ́, kí oníkálukú máa sanwó kó tó gba ẹrù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, iléeṣẹ́ Zinox ti rà á. Shagaya dá uLesson sílẹ̀ ní 2019, ó ń fi fóònù kọ́ àwọn ọmọléèwé. N kò dá a lẹ́bi. Ọmọléèwé kì í wọ ìwé yí àgbàlá ká kó tó dá a padà.

Ohun tó sì dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìnájà. Ẹ kọ ₦45,000, ẹ fi ìlà pa á rẹ́, ẹ kọ ₦19,999 sábẹ́ rẹ̀, ẹ ní ẹ ti ṣàánú wa. Ta ló bẹ̀ yín? Àwa fẹ́ kí ẹ sọ ₦45,000, kí a ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kí ẹ bínú, kí a máa lọ, kí ẹ pè wá padà. Ẹ ti bá wa ná ọjà wa tán láìjẹ́ kí a wà níbẹ̀!

Ẹ gbọ́ bí ọ̀kan nínú yín ṣe ń ròyìn òwò rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Ẹ gbà pé èmi ni mo hun ún.

"Ọmọ mi, èló lo ra ọjà ọ̀hún?"

"N kò rà á, Ìyá. Ẹlòmíràn ló ni ín. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá la tà á, ẹgbẹ̀rún kan ni kọmíṣọ̀n mi."

"Kú iṣẹ́. Ta ló san owó ọkadà?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Mo sì fi ẹgbẹ̀rún méjì dín in kù fún ẹni tó rà á."

"Háà! O ti fi ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ jìn ín nìyẹn. Mélòó lò ń tà lóòjọ́?"

"Ẹgbẹ̀rún kan, Ìyá! Lọ́dún tó ń bọ̀ yóò di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá."

"Yéè, Jésù! Ta ló ń san gbèsè yìí?"

"Òyìnbó kan ní Berlin."

Ìyá dákẹ́. Ó ní, "Kí ló ń ṣe é? Ọlọ́run á wò ó sàn."

Òyìnbó kò ṣàìsàn o. Ó mọ̀ pé tí èrò bá ti pọ̀ tó, òun náà á rí ẹni tó máa ra ìpín òun. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 2019, Jumia gbé ìpín rẹ̀ dé ọjà New York ní dọ́là 14.50. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di 25.46. Àdánù tó ti kó jọ nígbà náà sún mọ́ bílíọ̀nù kan dọ́là, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi pe àwọn olówó, olówó kà á, ó sì tún rà á. Wọ́n ní iléeṣẹ́ Áfíríkà ni. Mo yẹ ọmọ Áfíríkà náà wò nígbà náà: Faransé ló bí i, Jámánì ló gba ìwé ìbí rẹ̀, Dubai ló ń gbé, Porto ní Potogí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ jókòó sí. Ẹsẹ̀ tó ń rìn nínú ẹrẹ̀ nìkan ló kù sí Èkó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Jumia fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn kan nínú J-Force, àwọn aṣojú tó ń bá a wá oníbàárà ní Nàìjíríà, ti pàṣẹ ọjà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ rà, tí wọ́n sì fagi lé e lẹ́yìn náà. Ẹ má bú àwọn ọmọ náà jù. Ẹ ti sọ fún wọn pé iye ọjà tó bá kọjá ló ṣe pàtàkì, wọ́n bá mú kó kọjá. Ní oṣù kẹta 2020, ìpín tí wọ́n ń jà lé lórí ti wà lábẹ́ dọ́là mẹ́ta. Ní oṣù kejì 2021, ó tún fò kọjá ọgọ́ta. Kí ló yí padà nínú òwò náà láàárín àkókò yẹn? Ẹ má bi mí, èmi ò ta aṣọ ní Gbági.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ibi tí owó gidi wà, ẹ wo Amazon. Lára ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ó lé ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ ti ọlọ́jà ẹlòmíràn. Kọmíṣọ̀n á yọ tirẹ̀. Owó ìkẹ́rùsí àti gbígbé e lọ á yọ tirẹ̀. Ìpolówó, kí bàtà rẹ má bàa wà lójú ewé ogójì, á yọ tirẹ̀. Nígbà tí FTC, àwọn tó ń ṣọ́ òwò ní Amẹ́ríkà, pe Amazon lẹ́jọ́ ní oṣù kẹsàn-án 2023, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ sún mọ́ ìdajì ohun tí ọlọ́jà ń pa. Ìdajì! Ọmọ onílẹ̀ Lẹ́kkí tó bá gbọ́ èyí máa forúkọ sílẹ̀ láti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí Etsy, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ní tiẹ̀ sún kọmíṣọ̀n láti márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kẹrin 2022, àwọn ọlọ́jà kan da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, mẹ́fà ààbọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

L'Ékòó, ọlọ́jà kì í da iṣẹ́ sílẹ̀, ó máa ń gba ẹ̀yìn ni. Ó ta ọjà kan lórí ìkànnì yín, ó ki káàdì kékeré sínú páálí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó máa dín kù." Kọmíṣọ̀n kú sójú ọ̀nà. Àwọn Jiji nìkan ló tètè yé. Láti 2014 ni wọ́n ti wà, wọn kì í gba kọmíṣọ̀n lórí ohun tí ẹ tà. Wọ́n ní kí ẹ bára yín sọ̀rọ̀ bó ṣe wù yín, ẹni tó bá fẹ́ wà lókè nìkan ni kó sanwó. Ní 2019, wọ́n ra òwò OLX, iléeṣẹ́ bíi tiwọn, ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà márùn-ún, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Wọ́n tún gba oníbàárà nímọ̀ràn pé kó má sanwó ṣáájú, kó sì pàdé ọlọ́jà níbi tí èrò pọ̀ sí. Ibi tí èrò pọ̀ sí? Ọjà mà nìyẹn! Gbogbo dátà tí mo jó, Ọjà Ọba ni mo ti padà bá ara mi.

Ní Jumia, Hodara àti Poignonnec fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2022, Francis Dufay sì jókòó sípò wọn. Ó pa Jumia Food, ẹ̀ka tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, tì ní ìparí 2023. Ó kúrò ní South Africa àti Tùnísíà ní 2024, ó ń ṣí ibi ìgbẹrù kiri àwọn ìlú kéékèèké, kí oníbàárà máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gba ohun tó rà. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, wọ́n ti wá rí i pé ẹni tó fẹ́ rajà lè rìn wá.

Ìgbà yẹn gan-an ni Temu dé láti Ṣáínà, ní ìparí 2024, tòun ti kúpọ́ọ̀nù, tòun ti ẹ̀dínwó, tòun ti àgbá tí a ń fi ìka yí kí a lè jẹ ẹ̀bùn. Owó tuntun, Òyìnbó ibòmíràn, ọ̀nà kan náà. Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ará Temu, ẹ kú ìrìn. Ilẹ̀ wà, ẹ máa pín sìmẹ́ǹtì. Ẹ kàn bá mi wò ó bóyá ọ̀fẹ́ yẹn dé Ìkòròdú, nítorí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni mò ń gbé, tí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà, ẹ pè mí.