Akápò Tó Fi Owó Awò Ra Ìrẹsì

Bí ẹ bá gbọ́ pé owó ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Ìsọlọ̀ tàbí Òṣòdì di àwátì, ẹ má tètè pariwo olè. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akápò kì í jalè. Ìṣirò ni kò dán mọ́rán lọ́wọ́ wa, mo sì ka ara mi mọ́ wọn. Irú wa ni í da owó oṣù ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ owó tí àwọn ará àdúgbò dá fún awò ojú, tí àlẹ́ẹ̀tì á wọlé, tí a ó sì gbà pé a ti lówó. Ìpàdé á dé, item 7 á tẹ̀ lé e: ìrẹsì, ẹran, omi inú ọ̀rá, owó kánópì. Lọ́jọ́ tí a ó yẹ ojú àwọn ìyá ọlọ́jà wò, awò ò ní tó. Bí wọ́n bá ṣí ìwé, “oríṣiríṣi” la kọ síwájú owó tó tóbi jù, àfi bí ẹni pé Oríṣiríṣi nílé ní Máfolúkù tí a lè lọ bá a níbẹ̀.

Lójú tèmi, àpò méjì ni ẹgbẹ́ nílò, kì í ṣe akápò tó jẹ́ áńgẹ́lì. Lions Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1917, tó sì ní ẹ̀ka káàkiri Èkó, ti sọ ọ́ dòfin: owó tí ará ìlú bá dá, ará ìlú ni wọn yóò ná an fún, owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́. Láti 1925 tí Helen Keller, obìnrin kan tó fọ́jú, ti bẹ̀ wọ́n lórí ọ̀rọ̀ afọ́jú ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ojú. Ẹni tó dáwó nítorí ojú kò dá a nítorí ikùn akọ̀wé. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje sì ni ọdún ẹgbẹ́ Lions ń bẹ̀rẹ̀, tí akápò tuntun á gba iṣẹ́. Níbi tí àpò bá ti jẹ́ ọ̀kan, ọ̀rá dúdú tó kún fún rìsíìtì POS tí ọ̀rọ̀ ara wọn ti ṣá ni akápò tuntun yóò jogún. Ta ni yóò mọ ti ìrẹsì nínú wọn?

Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ wa kéré, ọmọ ìyá ni wá. Ewu rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí ta ni yóò bi “ẹ̀gbọ́n” ní rìsíìtì? Wọ́n á tún ní báǹkì á gé owó lára àkáǹtì kejì. Ó dáa, ẹ wo alájọ tó ń yípo ọjà: inú àpò kan ló ń kó owó sí, ṣùgbọ́n káàdì oníkálukú wà lọ́tọ̀. Bí àkáǹtì bá jẹ́ ọ̀kan, kí ìwé ìṣirò ṣáà jẹ́ méjì. Àtakò tó lágbára jù ni pé owó oṣù kì í wọlé déédéé, pé bí a kò bá yá nínú owó awò, ìpàdé á tú. N kò jiyàn. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí kò lè bọ́ ara rẹ̀, kó mu omi, kó tètè parí ìpàdé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, níbi ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ní kí akápò ka owó awò lọ́tọ̀, kó ka ti ìrẹsì lọ́tọ̀. Bó bá ní ó di ìgbà míì, ẹ má jẹun.