Òkú Òdòdó Inú Ilé Ọ̀rá

Òtútù ló jẹ́ kí òyìnbó máa kọ́lé fún òdòdó. Ní ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1844 títí di 1848 ni wọ́n fi kọ́ ilé onígíláàsì ńlá tí wọ́n ń pè ní Palm House, wọ́n sì ń dáná sábẹ́ rẹ̀ kí òtútù má baà pa ọ̀pẹ àti àwọn igi ilẹ̀ olóoru. Igi kan wà níbẹ̀ tí Francis Masson gbé wá láti Gúúsù Áfíríkà ní 1775. Inú ìkòkò ló wà títí di òní, kò kú.

Alẹ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí ní Bódìjà ní Ìbàdàn, wọ́n ti mú iná lọ, òógùn ń kán láti iwájú orí mi sórí fóònù tí mo fi ń kà á. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á ti rí ìdáhùn nínú òógùn yẹn. Èmi ò rí i. Mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi náà fẹ́ kọ́ gíríìnháòsì, níbi tí òdòdó á ti máa rí ooru dáadáa.

Ó ní, "Dádì Ìbejì, ooru wo ló kù tí wọn ò tíì rí?"

Mo ra pákó lọ́jà Bódìjà, mo ra ọ̀rá funfun tó nípọn ní Dùgbẹ̀, mo pe káfíńtà. Nígbà tó kan igi rẹ̀ tán, ó wòkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ibo ni ká dá fèrèsé sí?" Mo ní bí ooru bá ń bá fèrèsé jáde, kí wá ni a kọ́lé fún? Ó ní kò burú, kí n ṣáà san owó òun. Bí a ṣe fi ọ̀rá dí gbogbo rẹ̀ pinpin nìyẹn, àfi ilẹ̀kùn kan tí mo máa ń tì nítorí ewúrẹ́. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní ilé ọ̀rá. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ring Road, mo kó orchid, mo kó anthurium, mo kó fern. Owó tí mo ná, n kò sọ ọ́ nílé, n kò sì ní sọ ọ́ níbí.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ níwọ̀n ká ní ìyá ìyàwó mi kò gbọ́ pé àna òun ti di olódòdó. Àdúgbò Challenge ni Màmá ń gbé, wọ́n sì ní rósì pupa kan tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n fẹ́ lọ bá ọmọ wọn tó bímọ ní Amẹ́ríkà gbé ọmọ jó, ni wọ́n bá gbé rósì wá fún mi. "Bàbá Ìbejì, fún un lómi díẹ̀ láàárọ̀, kí o sì jẹ́ kó máa rí atẹ́gùn." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Omi ni mo gbọ́.

Nígbà tó di oṣù kejì, oòrùn bọ́ sójú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Yunifásítì Ìbàdàn yà kí mi lọ́sàn-án, ó wọ ilé ọ̀rá, kíá ló jáde. Ó mú tẹ̀mómítà kan wá, ó gbé e kọ́. Ìta jẹ́ 34, inú jẹ́ 47. Ó ní oòrùn ń gba inú ọ̀rá wọlé, ó ń mú ilẹ̀ àti ìkòkò gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná náà kò sì ríbi gbà jáde. Pé ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbin tòmátì nínú irú ilé yìí níbí fi máa ń ta nẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tòmátì nìyẹn.

Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sílẹ̀. Mo ní òùngbẹ ni, mo bomi rin wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti kí n tó sùn. Fern dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ jù. Mo fa ọ̀kan tu, òórùn tó jáde níbẹ̀ lé mi sẹ́yìn. Gbòǹgbò náà ń mí, omi sì ti gba gbogbo àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà nínú ilẹ̀. Òní ni mo mọ ìyẹn o. Lọ́jọ́ náà, mo ní ebi ló ń pa wọ́n. Mo ra NPK 15-15-15, mo sì da ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sídìí wọn. Iyọ̀ ni ajílẹ̀ yẹn. Bó bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀, ó máa ń fa omi jáde lára gbòǹgbò. Èyí tí omi ò tíì pa, òùngbẹ pa á, inú omi náà ló sì pa á sí.

N kò gbà pé wọ́n ti kú. Ẹni tó bá bi mí, mo ní wọ́n ń sinmi. Orchid ti gbẹ débi pé alángbá ń fi í ṣe àtẹ̀gùn, mo ṣì ń wọ́n omi sí i lórí. Mo dẹ́bi fún jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Mo dẹ́bi fún ojú ayé, torí obìnrin kan ti kọjá lẹ́bàá ọgbà wa rí tó ní òdòdó mi mà rẹwà o, tí kò sì fi àdúrà kankan tì í. Ìyàwó mi ní kí n kó ìkòkò wá kí òun gbin ata sí i, mo ní kó ṣàánú òkú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá òdìkejì wa wọlé, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ kú aráfẹ́rakù o. Ọlọ́run á dáwọ́ rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀." Mo ti ṣe "Àmín" kí n tó gbọ́ ẹ̀rín nílé ìdáná.

Lásìkò yẹn ni àbúrò mi kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò ránṣẹ́. Pèrègún ni, nínú ìkòkò dídán, láàárín pálọ̀. Ó ní Dracaena ni wọ́n ń pè é, pọ́n-ùn ni òun fi rà á, etí ewé rẹ̀ sì ti ń gbẹ. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní gíríìnháòsì, kí ni kí n ṣe?" Mo yọjú wo pèrègún tó ṣe ọgbà yí ilé mi ká, tí ẹnikẹ́ni kò bomi rin rí. Mo ní kó fún un lómi díẹ̀ láàárọ̀, kó sì jẹ́ kó máa rí atẹ́gùn.

Rósì Màmá gbẹ láti òkè wálẹ̀. Mo gé e kù kékeré, mo gbé e sábẹ́ máńgòrò, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ló bá di ọjọ́ kan, ọ̀mùnú yọ nísàlẹ̀ pátápátá, ó ń ga, ó lẹ́gùn-ún. Mo kọrin ọpẹ́. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Màmá lórí WhatsApp pé rósì ń ṣe dáadáa.

Màmá dé lásìkò tí iṣu tuntun kún ọjà. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi béèrè rósì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ka ewé. "Márùn-ún márùn-ún ni ewé rósì tèmi máa ń so pọ̀. Méje rèé. Bàbá Ìbejì, èyí kọ́." Wọ́n ní rósì tí wọ́n ń tà kì í sábà dá dúró lórí gbòǹgbò ara rẹ̀, igi rósì mìíràn tó lágbára ni wọ́n fi máa ń ṣe ìdí, wọn á wá lẹ olódòdó ńlá mọ́ ọn. Òkè ti kú, ìdí ló rú. "Ẹni tí wọ́n pọ̀n ti kú. Ẹni tó pọ̀n ọ́n lo mú wá kí mi."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní kí n dìde, aṣọ mi á dọ̀tí.

Wọ́n wọ ilé ọ̀rá, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n fi ìdí gèlè nu ojú. "Ìwọ lo kọ́ èyí?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "O káre." Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ ọ, kò tíì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n béèrè ọ̀bẹ, wọ́n la ọ̀rá lókè ilẹ̀kùn, wọ́n tún la ìsàlẹ̀ lẹ́yìn. Atẹ́gùn wọlé, ooru gba òkè jáde. Mo wo ojú ibi tí wọ́n là náà títí, n kò lè sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì, wọ́n bó iṣu, wọ́n bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, wọ́n jẹ́ kó sùn sínú omi, wọ́n wá tẹ́ ẹ sórí pákó tí orchid ti ń sinmi. Òjò ń lé àwọn tó ń sá gbodo síta wọlé. Tiwa wà lábẹ́ ọ̀rá, ó gbẹ, ó ń dún kọ́-kọ́. Àmàlà rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Bàbá òdìkejì ti wá gba àyè fún gbodo tiẹ̀, káfíńtà ọjọ́sí sì ti wá kan fèrèsé sójú ibi tí Màmá fọ̀bẹ là, ó gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì. Màmá ló ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ sá ẹ̀gẹ́ àti ata. Èmi ni wọ́n ní kí n máa lé adìyẹ.