Arúgbó Tó Kun Ọ̀dà

Bí ẹ bá lọ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tòkunbọ̀ ní Ṣómólú, ọ̀dà rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi hàn yín. "Heidelberg GTO ni, ọ̀gá! Ọmọ Jámánì pọ́ńbélé!" Òótọ́ ni. Ọdún 1972 ni GTO kọ́kọ́ jáde, àgbà ti dé sí òmíràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo káńtà rẹ̀ tó ń ka iye ìwé tó ti tẹ̀: àfi bí ẹni pé ìwé ìpè ìgbéyàwó kan ṣoṣo ló tẹ̀ láyé! Ta ló lò ó ní Jámánì? Bàbá àgbà kan ni, ìwé ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló sì ń fi tẹ̀. Bàbá yìí mà ní ẹ̀rọ o!

Ẹ fi èékánná tẹ rọ́là. Bí kò bá tẹ̀, rọ́bà ti kú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sára sílíńdà. Bébà tó bá ti ká sínú rẹ̀ rí máa ń fi àpá sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀dà kò sì lè dé.

Wọn á wá tan án lófìfo, á máa dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀, gbogbo ojú á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ wo ni kì í yí lófìfo? Ẹ mú bébà tiyín jáde, èyí tó fẹ́lẹ́ àti páálí, kí ẹ ní kí wọ́n tẹ àwọ̀ méjì, kí èkejì bọ́ sórí èkíní gẹ́lẹ́.

Ìgbà náà gan-an ni iná ọba máa ń lọ. Ọlọ́jà á ṣépè fún iná, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.