Góòlù Ẹ̀dínwó

Ní Lọ́kọ́ja, Odò Ọya àti Benue ń pàdé lófẹ̀ẹ́, èrò ń wò wọ́n. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kogi United náà ń gbàlejò ní pápá Confluence, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ti sanwó wo Arsenal nílé ìwòran. A ní góòlù ò pọ̀ ní líìgì kékeré. Irọ́ o! Lọ́dún 2013, Plateau United Feeders na Akurba ní 79 sí 0; Police Machine fún Bubayaro ní 67, torí àtigòkè sí líìgì tó kéré jù. Lẹ́yìn ìsinmi nìkan, 72 ni Feeders gbá wọlé. Rẹfirí ni mo káàánú, fèrè á fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́! Nítorí ayò wọ̀nyí, NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, fi ọdún 10 dá ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró.

Síbẹ̀, líìgì tuntun lè rọ́wọ́ mú níbí, bí wọ́n bá ń san owó oṣù, tí wọn ò sì gbá a lásìkò Arsenal.