Ìtọ́ni fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Ta Àgbò Iléyá Lẹ́bàá Títì l'Ékòó

Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò sì ti ń dé láti òkè Ọya. Ìwọ tí owó ń yọ lẹ́nu, tó o fẹ́ kó lọ kíákíá, gba ìlànà yìí.

1. Wá ibi tí èrò pọ̀ jù. Abẹ́ afárá dáa, ibùdókọ̀ tún dáa jù ú lọ. Má dé ọjà ẹran bíi ti Oko-Ọba l'Ágége. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹran kò yẹ ọlọgbọ́n bíi tìẹ.

2. Sọ fún ara rẹ pé, "Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni." Bí ẹnìkan bá ní Èkó ti ṣòfin lórí títajà lójú títì láti 2003, bi í bóyá òun ló fẹ́ ra àgbò. Bó bá fi kún un pé ìjìyà rẹ̀ ní 2016 jẹ́ owó ìtanràn ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, rín in lẹ́rìn-ín. Bó bá tún rántí pé Ambode, gómìnà ìgbà náà, kéde lọ́dún yẹn pé àtẹni tó ń tà àtẹni tó ń rà ló máa jẹ̀bi, bò ó lẹ́nu kí oníbàárà tó gbọ́.

3. Gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò láṣẹ. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọjà àti ìsọ̀ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àmọ́ ìbéèrè káńsù ti pọ̀ jù: Ibo gan-an? Ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo? Ta ló máa palẹ̀ mọ́? Agbèrò kì í bèèrè bẹ́ẹ̀. Ṣáà ti sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe é," á já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ, láìlórúkọ, láìlọ́jọ́. Fi há ìwo àgbò tó tóbi jù. Bí agbèrò mìíràn bá dé lọ́sàn-án, gba tiẹ̀ náà. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ ń pọ̀.

4. So àgbò sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kó o gbá èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ẹran sínú gọ́tà. Ẹlẹ́sẹ̀ á bọ́ sí títì, mọ́tò á máa yà fún un, sún kẹrẹ fà kẹrẹ á bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó há sínú ọkọ̀ á ráyè wo àgbò rẹ dáadáa.

5. Bí àwọn KAI, agbófinró àyíká ti ìjọba Èkó, bá dé, yọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá wọn á wo iwájú rẹ̀, á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á ní, "Ta ló buwọ́ lù ú?" Yíjú wá ẹ̀gbọ́n rẹ. Wàá rí i lódìkejì títì, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún oníbọ̀ọ̀lì.

6. Bórí bá kó ọ yọ, má tú àgọ́ tó o pa fún àgbò lẹ́yìn ọdún. Kérésì ń bọ̀, adìyẹ náà nílò òrùlé. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, kan páànù sí i, kùn ún lọ́dà, kó o máa pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tí katakata ìjọba bá wá wó o, dúró níwájú rẹ̀, kó o bèèrè owó gbà-má-bínú.