Ilẹ̀kùn Mi Ń Mí

Òjò oṣù kẹsàn-án ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí káfíńtà gbé ilẹ̀kùn yàrá mi dé. Ìrókò gidi ni, bí owó tó gbà lọ́wọ́ mi ṣe wí. Ó fi ìka kàn án, kó, kó, kó, ó ní, "Dádì, ilẹ̀kùn yìí á sìn yín títí ẹ ó fi..." Ó wo ewú orí mi, ó panu mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, àlàfo tó wà létí ilẹ̀kùn náà ti gba alángbá. Á wọlé, á mi orí sí mi bí ẹni pé òun ló ni ilé. Mo pe káfíńtà. Ó ní, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀, igi ń mí ni." Igi ń mí! Èmi tí mo sanwó igi, mi ò tíì rí èémí mí látìgbà náà.

Ṣé ẹ rí i, tútù ló ra pákó náà níbi tí wọ́n ti ń la gẹ̀dú. Ṣe ló yẹ kí wọ́n tò ó sábẹ́ ibòji, kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín wọn kí atẹ́gùn lè máa kọjá, kó wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lára pákó ló ń sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìbú rẹ̀ ló ń dín. Ìyẹn ni ilẹ̀kùn mi kò ṣe kúrú. Rírù ló rù.

Káfíńtà kan àlẹ̀mọ́ mọ́ ọn, ó gbowó. Òjò tún dé, igi mumi, ó wú. Lóru ọjọ́ kan ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, mo fa ilẹ̀kùn, kò mì. Ìyàwó mi wà ní pálọ̀, ó ń bi mí pé ta ni mo tì mọ́lé.

Ẹ má tíì dá mi lóhùn, kókó ṣì kù. Ẹ̀ka tó bá kú sára igi kí igi tó sanra bò ó, kókó rẹ̀ kì í di mọ́ pákó dáadáa. Tèmi já bọ́, ihò róbótó kù láàárín ilẹ̀kùn. Káfíńtà ní mo jèrè: n ó máa rí àlejò kí n tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo bi í ìdí tí etí ilẹ̀kùn náà fi rí gbágungbàgun, ó ní ayùn kan òkúta nínú igi. Mo bú u ní òpùrọ́. Àṣé òótọ́ ni! Ìrókò a máa ní òkúta nínú, ó sì ń pa eyín ayùn.

Ibi tó ti purọ́ gan-an ni férémù. Láràárọ̀ ni mò ń bá ìyẹ̀fun nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Arère ni! Igi fífúyẹ́ tó dára fún àpótí, tí kòkòrò sì ń jẹ bí àkàrà. Ká ní ìrosùn ni, n kì bá ráhùn, torí ìyẹ̀fun tí kòkòrò ń jẹ jáde lára ìrosùn ni ìyẹ̀rosùn tí babaláwo ń dà sójú ọpọ́n. Mo kó tèmi sínú ike, mo gbé e lọ bá babaláwo àdúgbò wa, mo ní n ó dín owó rẹ̀ kù fún un. Bàbá tú u wò, wọ́n dé e padà. Wọ́n ní àwọn ò fi arère bá Ọ̀rúnmìlà sọ̀rọ̀ rí.