Oríkì Akéwì-ò-kàwé, Ọmọ Ìlobùú

Ẹ yàgò lọ́nà, Akéwì-ò-kàwé ń bọ̀!
Akéwì-ò-kàwé, ọkọ bírò, àlè fóònù.
Ó hun dàda, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn,
Ó ti tẹ káàdì pélébé: Akéwì, Òǹkọ̀wé, Aṣojú Àṣà.
Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Ìlobùú
Á rò pé Ṣóyínká ló ń ti Stockholm bọ̀ ní 1986.
Rárá o, tẹ́ẹ̀sì ló lọ ṣe, márùn-ún ló gbà nínú ogún.

Ìkirè ni wọ́n rán an lọ,
Níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà sí.
Olùkọ́ ń kọ́ni, ìwé wà lórí àtẹ,
Dòdò Ìkirè nìkan ni Akéwì wa mọ̀ dunjú.
Wọ́n ní kó ka Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ tó jáde ní 1938;
Èèpo ẹ̀yìn ló kà, ó ní òun ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ.
Wọ́n ní kó ka Achebe;
Àkékúrú olójú ewé mẹ́ta ló rà lọ́wọ́ onífọ́tòkópì.
Wọ́n dárúkọ Tutùọlá, ó yínmú.
Tutùọlá tó jẹ́ ìránṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, tí kò dé kọ́lẹ́ẹ̀jì rí,
Tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ ní London ní 1952.
Akéwì ní gírámà bàbá yẹn ò dá.
Akéwì tí kò fi àmì ìdánudúró parí gbólóhùn rí!

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Ifọ́n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n.
Ìlobùú àti Ifọ́n ò tíì fẹnu kò lórí ààlà ilẹ̀,
Àmọ́ àwọn méjì yìí fẹnu kò lórí iṣẹ́ àmúrelé:
ChatGPT kan náà ló bá wọn kọ ọ́.
Olùkọ́ ka ti èkíní, ó ka ti èkejì,
Àṣìṣe ibẹ̀ jọra bí ìbejì.
Ẹ wo àlàáfíà tí àwọn àgbà ń wá kiri!

Akéwì, mo kí ọ fún ewì rẹ àkọ́kọ́.
Yìnyín lo kọ ọ́ lé lórí,
Ìwọ tí yìnyín rẹ ò kọjá ti inú fíríìjì ìyá olómi-tútù.
Lọ́dún 2025, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé,
Ará Ìlobùú ò gbọdọ̀ jáde, ará Ifọ́n ò gbọdọ̀ jáde,
Ìjà ilẹ̀ ti sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá.
(Èmi ò dá ẹjọ́ ilẹ̀ o, ẹnu mi ò gbà á.)
Ìwọ jókòó sí yàrá, o ń ṣọ̀fọ̀ òdòdó daffodil!
Àwọn aládùúgbò rẹ ń sá, o ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá "nightingale" mu.

Ní kíláàsì ìwé kíkọ, wọ́n ní kí oníkálukú ka iṣẹ́ rẹ̀ síta.
Ti ẹlòmíì, o ní kò ní ẹ̀mí.
Tìẹ, bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, ìlara ni.

Ará Jámánì kan wà, Ulli Beier lorúkọ rẹ̀.
Lọ́dún 1950 ló wá kọ́ni n'Íbàdàn,
Ó fi Ìbàdàn sílẹ̀, ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú kó tó dé Òṣogbo.
Àwòrò òrìṣà ló jókòó tì, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè.
Ní 1957, ìwé rẹ̀ lórí ère igi òrìṣà Ìlobùú jáde;
Ọdún yẹn kan náà ni Black Orpheus bẹ̀rẹ̀,
Ìwé àtìgbàdégbà tó gbé àwọn akéwì ilẹ̀ wa jáde.
Àlejò ni, ó gbọ́.
Ìwọ ọmọ bíbí etí odò Ẹrinlẹ̀,
Ìyá rẹ àgbà ń ki Ẹrinlẹ̀ lẹ́yìnkùlé,
O ki gbohùngbohùn bọ etí,
O ní ariwo màmá ò jẹ́ kóo rí ìmísí!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí i lónìí, ẹ má yá a níwèé, kì í dá a padà.
Ẹ fà á lọ sẹ́yìnkùlé, kó jókòó ti màmá,
Kó fi fóònù tó ń fi ya ara rẹ̀ gba oríkì Ẹrinlẹ̀ sílẹ̀,
Kó tẹ́tí, kó sì kọ ohun tó gbọ́.
Bó bá kọ̀, ẹ gba káàdì yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.